Adékànmí Arójú-Ara-Rẹ̀-Yọ̀ àti Kámẹ́rà Rẹ̀

Bí ẹ bá ń kọjá ní Richmond Hill, tí ẹ rí ọkùnrin kan tó wọ agbádá nínú yìnyín níwájú ilé rẹ̀, tó ń juwọ́ sí òfìfo bí ẹni pé èrò ló ń kí i, ẹ má pe ọlọ́pàá. Orí rẹ̀ pé. Adékànmí ni. Fídíò ló ń yà.

Fídíò ta ni? Ti Adékànmí. Ta ló ń yà á? Adékànmí náà ni. Ta ni yóò wò ó? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà, nítorí àlejò tó bá bọ́ sí ilé náà kò ní fọwọ́ kan oúnjẹ kó tó wò ó tán.

Ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Adékànmí kò burẹ́wà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé òun náà mọ̀. Ó ga, irùngbọ̀n rẹ̀ gún régé, awò ojú rẹ̀ ní apá wúrà. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan láàárín ìgboro Toronto, níbi tó ti ń dá oníbàárà lóhùn lórí fóònù. Ṣùgbọ́n nínú fídíò tó fi ránṣẹ́ sílé, àga ọ̀gá rẹ̀ ló jókòó lé, lọ́jọ́ tí ọ̀gá náà lọ fún ìsinmi. Àwọn ará ilé wò ó, wọ́n gbé orúkọ rẹ̀ ga. Àwa tí a mọ̀ ọ́n níbí náà kò jẹ́ kó ṣòfò, a fún un ní oríkì tirẹ̀: Arójú-ara-rẹ̀-yọ̀, ọkọ Fọláyọ̀, akí-dígí-kó-tó-kí-ìyàwó.

Ní àsìkò yìí tí tọmọdé tàgbà ń fi fóònù ya fídíò, Adékànmí lọ ra kámẹ́rà fídíò, ọ̀kan nínú àwọn kékeré tí kò ju agolo mílíìkì lọ, tí wọ́n ń fi okùn há mọ́ ọwọ́. Ó ní dígí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń ṣí bí ilẹ̀kùn, a sì lè yí dígí náà padà kí ẹni tí wọ́n ń yà lè máa rí ara rẹ̀. Ẹni tó ń tà á ń ṣàlàyé bátìrì, ó ń ṣàlàyé bó ṣe ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́. Adékànmí kò gbọ́ ọ̀kankan. Ó ti yí dígí náà sí ara rẹ̀, ìfẹ́ sì ti wọ̀ ọ́.

Fọláyọ̀, ìyàwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni. Ẹni tó ń fún aláìsàn lóògùn kì í wo nǹkan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí náà òun ló jókòó ka ìwé pélébé tó bá kámẹ́rà wá.

"Bàbá Ṣíwọlá," ó ní, orúkọ àkọ́bí wọn ló fi ń pè é, "ọ̀rọ̀ kékeré kan wà ní igun dígí yìí. Bó bá pọ́n, ó ń yà. Bó bá jẹ́ àwọ̀ ewé, ó ń sinmi. Bọ́tìnì kan náà ló ń tan án, òun náà ló ń dá a dúró. Igun yẹn ni kí ẹ máa wò."

"Fọláyọ̀," ọkọ rẹ̀ fèsì, kò gbé ojú kúrò nínú dígí, "ta ló ń wo igun nígbà tí odidi ojú wà láàárín?"

Fọláyọ̀ pa ìwé náà dé. Ó ti pẹ́ nílé ọkọ, ó mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ tó.

Ohun kan wá ń jẹ Adékànmí lọ́kàn. Alàgbà Akíndúró, alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọn ní Toronto, fẹ́ fi ipò sílẹ̀ nítorí orúnkún. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní ọjọ́ tí àwọn bá ń ṣe ìdágbére fún Màmá Hàlímátù ni àwọn yóò fa ẹni tó máa gba ipò náà kalẹ̀. Màmá yìí ni àgbà gbogbo wọn. Oyíndà, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń gbé ní Whitby, ló wá tọ́jú nígbà tó fẹ́ bímọ, bí ara ọmọ bá sì ti le díẹ̀ yóò padà sílé. Màmá yìí náà ni ẹ̀gbọ́n bàbá Adékànmí. Ẹni tí irú Màmá bẹ́ẹ̀ bá yìn lójú àwọn àgbà, ta ni yóò gbójú fò ó?

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé Màmá kì í yin ènìyàn lásán. Adékànmí rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó rí ọ̀nà. Òun ni yóò ya fídíò ìsọmọlórúkọ ọmọ Oyíndà. Yóò jẹ́ kí Màmá pe òun ní òpó ilé nínú rẹ̀, yóò sì fi í han gbogbo ẹgbẹ́ lọ́jọ́ ìdágbére. Wọ́n ní ọgbọ́n àgbọ́njù ní í sọ ọlọ́gbọ́n di aṣiwèrè, ṣùgbọ́n Adékànmí kò ka ara rẹ̀ mọ́ àwọn tí òwe ń bá wí.

Oyíndà ní tirẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa ipò alága. Ohun tó fẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ. Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ Màmá, ti kú, kò sì sí ibì kankan láyé yìí tí ohùn ìyá náà wà. Fọ́tò wà, ṣùgbọ́n fọ́tò kì í sọ̀rọ̀. Nígbà mìíràn Oyíndà á gbìyànjú láti rántí bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń pe òun, kò ní rí i mú mọ́. Ó ń dùn ún gan-an. Ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ kí ohùn Màmá wà nípamọ́ fún ọmọ yìí, níbi tó ti ń pe orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ tó fún un.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, Adékànmí dé Whitby ṣáájú pásítọ̀. Ó bọ́ bàtà yìnyín sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé kámẹ́rà lé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, ó sì gbé agbọ̀n tí wọ́n ń kó aṣọ ìfọ̀ sí, ó ń lọ bá àwọn èrò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Fóònù yín, ẹ jọ̀ọ́. Ìró rẹ̀ máa ń ba sound jẹ́."

"Uncle Kànmí," Oyíndà ní, "please, ẹ jẹ́ kí fóònù tèmi nìkan máa yà á lẹ́gbẹ̀ẹ́. Just as backup."

"Backup?" Adékànmí rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n bú. "Ṣé o ò trust Uncle rẹ ni? Fóònù la fi ń pe ènìyàn. Who dey use phone shoot film?"

Kí ni ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé yóò fi dá ìyẹn lóhùn? Ṣé yóò wí fún ẹni tó tó bàbá rẹ̀ pé òun kò gbẹ́kẹ̀ lé e, lójú àlejò, lọ́jọ́ ayọ̀? Oyíndà wo Ayọ̀dàmọ́lá ọkọ rẹ̀, Ayọ̀dàmọ́lá wo ilẹ̀, àwọn méjèèjì fi fóònù sínú agbọ̀n. Nígbà tí pásítọ̀ dé, òun náà fi tirẹ̀ sí i. Bí ẹ̀kọ́ ilé ṣe kó gbogbo fóònù sínú agbọ̀n aṣọ ìdọ̀tí nìyẹn, tí ọjọ́ náà sì kù sọ́wọ́ Adékànmí nìkan.

Àwọn obìnrin wà ní kíṣìnì, àwọn ọkùnrin ń kó àga láti ìsàlẹ̀ ilé, Màmá wà lókè pẹ̀lú ọmọ. Pálọ̀ ṣófo. Adékànmí yí dígí kámẹ́rà sí àga àárín, ó jókòó, ó wo ara rẹ̀. Iná pupa kékeré kan wà níwájú kámẹ́rà tó máa ń tàn bó bá ń yà. Ó ti fi téèpù dúdú lẹ̀ ẹ́ pa láti ilé, nítorí ó ń hàn lára awò ojú rẹ̀. Ìró tó máa ń dún bí ènìyàn bá tẹ bọ́tìnì, ó ti pa ìyẹn náà, nítorí ó ń já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó mú rìmóòtù kékeré jáde lábẹ́ agbádá, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan láti fi dán an wò.

"Ó dáa," ó sọ fún ojú rẹ̀ tó wà nínú dígí.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú kámẹ́rà yìí nílé, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Kámẹ́rà gbọ́ àṣẹ, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Ọ̀rọ̀ tó wà ní igun dígí ti pọ́n. Ṣùgbọ́n Adékànmí rò pé ìdánwò lásán ni òun ṣe, kò tẹ̀ ẹ́ padà. Láti ìgbà yẹn lọ, bó bá tẹ̀ ẹ́ kó lè máa yà, ńṣe ló ń dá a dúró. Bó bá tẹ̀ ẹ́ kó lè dúró, ńṣe ló ń yà.

Ohun tó ṣe nínú pálọ̀ tó ṣófo yẹn, ẹ ní sùúrù, a óò dé ibẹ̀.

Nígbà tí èrò jókòó tán, tí Màmá gbé ọmọ sọ̀kalẹ̀, Adékànmí tẹ rìmóòtù. Kámẹ́rà sùn.

Pásítọ̀ gbàdúrà. Màmá di tẹ̀sùbáà rẹ̀ mú, ó ń ṣe àmín tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìdílé wọn ti máa ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ọmọ lé e lọ́wọ́. Ó fi ìka tọ́ omi sí i létè, ó fi tọ́ iyọ̀, ó fi tọ́ oyin, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ohùn jẹ́jẹ́. Nígbà tó kan orúkọ, etí ọmọ ló kọ́kọ́ fi ẹnu bá, kó tó gbé orí sókè sọ ọ́ fún gbogbo wa: Motúnráyọ̀. Oyíndà bú sẹ́kún. Ó ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn láti ìgbà tó ti lóyún.

"Cut," Adékànmí ní, ó tẹ rìmóòtù. Kámẹ́rà jí.

"Màmá, ẹ ò wo kámẹ́rà. Ojú ọmọ lẹ ń wò ṣáá. Ẹ jẹ́ ká tún un sọ."

"Kí la fẹ́ tún sọ?"

"Orúkọ náà. From the top."

"Adékànmí, níbo lo ti rí i tí wọ́n ń sọ ọmọ lórúkọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan? Orúkọ ti jáde lẹ́nu mi, ọmọ ti gbọ́, Ọlọ́run ti gbọ́. Ṣé kámẹ́rà tìrẹ nìkan ló ku tí kò gbọ́?"

"Ó gbọ́, Màmá, ó gbọ́ dáadáa. Ó ku ẹyọ kan. Ẹ kàn sọ pé, 'Adékànmí ni òpó tó gbé ilé yìí dúró.'"

Màmá wo ògiri, ó wo àjà. "Pákó ni wọ́n fi kọ́ ilé yìí. Salahudeen ìbátan mi ló sọ fún mi. Èwo ni òpó ńbẹ̀?"

Pásítọ̀ wúkọ́ sínú Bíbélì.

"Màmá, it's just talk. Ebi ti ń pa àwọn èèyàn. Ẹ sọ ọ́ ká lè jẹun."

"Bí mi ò bá sọ ọ́, wọn ò ní jẹun?"

"A ò tíì lè parí ni, Màmá."

Màmá wo àwọn ọmọdé tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà kíṣìnì. Àánú wọn ṣe é. "Ó dáa. Gbé ẹ̀rọ rẹ dìde."

Adékànmí tẹ rìmóòtù, kámẹ́rà padà sùn. Màmá sọ ọ̀rọ̀ òpó náà bí ẹni tó ń gbé oògùn kíkorò mì. Inú Adékànmí dùn débi pé ó já ọmọ gbà, ó gbé e sókè sí kámẹ́rà, ọrùn ìkókó sì ń yẹ̀.

"Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́," Màmá wí. "Gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀."

Ó gbé e sílẹ̀, ó sì ti kẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun kan jáde láti ẹ̀yìn àga, kẹ̀kẹ́ tó rẹwà tí wọ́n so káàdì mọ́. Orúkọ Adékànmí ló wà lára káàdì náà gàdàgbà. Oyíndà kúnlẹ̀ dúpẹ́. Fọláyọ̀ wo kẹ̀kẹ́, ó wo ọkọ rẹ̀, nítorí òun tí wọ́n jọ wá nínú ọkọ̀ kò rí kẹ̀kẹ́ kankan nínú ọkọ̀. Ilé àlejò kọ́ ni yóò ti bi í.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Adékànmí tẹ rìmóòtù nígbà ìkẹyìn, ó ní fídíò ti parí. Kámẹ́rà jí. Gbogbo èrò wọ kíṣìnì, òun náà sì wà lára àwọn tó síwájú. Ìgbà tó jẹun yó tó sì wá pa dígí náà dé ni kámẹ́rà tó lọ sùn pátápátá.

Láti ọjọ́ náà ni Oyíndà ti ń pè é. "Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fídíò náà ránṣẹ́, kódà ibi orúkọ nìkan." Èsì kan náà ni: ọjọ́ ìdágbére ni gbogbo ayé yóò rí i, nítorí fídíò tó bá ti tàn káàkiri, ta ni yóò tún pé jọ wò ó? Fọláyọ̀ ní kí òun bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Ọkọ rẹ̀ ní kó má fọwọ́ kan án. Òun fúnra rẹ̀ ṣí i lẹ́ẹ̀kan, àwòrán àkọ́kọ́ sì yọ. Ojú ara rẹ̀ ni, ó kún dígí. Ó rí i pé ó dára, ó pa á dé, ó lọ sọ́dọ̀ télọ̀.

Gbọ̀ngàn kan ní Scarborough ni ẹgbẹ́ ti ṣe ìdágbére. Adékànmí dé pẹ̀lú agbádá tuntun, ó so kámẹ́rà mọ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá tó wà lára ògiri. Ó fi Alàgbà Akíndúró sí ìlà iwájú, ó fi Màmá tì í. Oyíndà gbé ọmọ jókòó lẹ́yìn wọn, Ayọ̀dàmọ́lá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Salahudeen náà wà níbẹ̀, ìbátan Màmá tó ń tún ẹ̀rọ amúlégbóná ṣe. Òun kò sí níbi ìsọmọlórúkọ. Ó gbé ẹ̀bùn tirẹ̀ wá sáàárín àwọn yòókù láàárọ̀ kùtù ọjọ́ náà nígbà tí Oyíndà ṣì ń sùn, wọ́n sì pè é lọ sí Oshawa sí ilé kan tí òtútù ti mú àwọn onílé.

"Ẹ̀yin àgbà, ladies and gentlemen," Adékànmí ní, "kí ẹ tó yan ẹnikẹ́ni sípò, ẹ gbọ́ ohun tí Màmá fi ẹnu ara wọn sọ. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo bẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá fídíò yìí dúró títí yóò fi parí, kódà kí ilé máa jó."

"A ti gbọ́," Alàgbà Akíndúró wí.

Ojú Adékànmí yọ, ó kún ògiri láti òkè dé ilẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ojú náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó pa ẹ̀rín náà dé, ó gbé òmíràn wọ̀. Ó ya ẹnu, ó fi èékánná yọ ẹran láàárín eyín, ó wo ẹran náà. Lẹ́yìn náà ó jókòó gún régé, ó yọ áńkáṣíìfù.

"Ẹ̀yin àgbà," ojú ńlá náà wí, ó ń nu ẹyinjú tó gbẹ, "mi ò lérò rárá pé èmi lẹ máa yàn." Ó mi orí. "Rárá. Ẹkún yẹn kéré." Ó tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹkún sì pọ̀ sí i.

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ìlà ẹ̀yìn. Fún ìṣẹ́jú kan Adékànmí rò pé ẹ̀rín ìfẹ́ ni. Kò yé e bí nǹkan yìí ṣe dénú fídíò, ṣùgbọ́n ó rò pé yóò tètè kọjá.

Kò kọjá. Adékànmí inú ògiri mú fóònù jáde nínú àpò, òun tó gba ti gbogbo ayé sínú agbọ̀n, ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ràsákì, mo ti wà níbẹ̀. Akíndúró kẹ̀? Ẹni tó máa ń sùn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé títí dé grace? Àwọn arúgbó yẹn, tí wọ́n bá ti rí agbádá, ó ti parí. Màmá ńkọ́? Ohun tí mo bá fi sí wọn lẹ́nu ni wọ́n máa sọ."

Alàgbà Akíndúró fi ọ̀pá tẹlẹ̀, ó jókòó dáadáa. Oorun kò sí lójú rẹ̀ rárá.

Adékànmí inú ògiri dìde, ó rìn lọ sí ibi tí wọ́n kó ẹ̀bùn sí. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo kíṣìnì. Ó tú káàdì tó wà lára kẹ̀kẹ́ ọmọ kan, ó kà á sókè, "Láti ọ̀dọ̀ Salahudeen àti Aishah," ó kì í bọ báàgì kámẹ́rà, ó sì mú tirẹ̀ jáde.

Adékànmí ti gbọ̀ngàn fi ìkánjú wá rìmóòtù lábẹ́ agbádá tuntun, ó tẹ̀ ẹ́. Fídíò dúró. Ibi tó dúró sí ni ibi tó ti di okùn káàdì tirẹ̀ mú, tó yọ ahọ́n síta níbi tó ti ń gbìyànjú láti so ó. Àwòrán náà ga tó ilẹ̀kùn.

"Adékànmí," Màmá pè é, "kí ló dá a dúró?"

"Màmá, ó jọ pé technical problem ni."

"Ìwọ lo ní kódà kí ilé máa jó. Ilé kò tíì jó. Jẹ́ kó máa lọ."

Kí ni yóò ṣe? Ó tẹ̀ ẹ́, ó ń lọ. Adékànmí inú ògiri so káàdì náà tán, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ẹnu ko orúkọ ara rẹ̀.

"Uncle," Salahudeen wí láti ibi tó jókòó, kò gbé ohùn sókè, "ẹ ò bá kúkú fi orúkọ tèmi sí abẹ́ tiyín. Ààyè wà níbẹ̀."

Lójijì ni ògiri fò sí ibi tí Adékànmí ti ń sọ pé "Cut," tí ó ń bẹ Màmá kó tún orúkọ sọ. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ òpó, wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ pákó, wọ́n gbọ́ "Ẹ sọ ọ́ ká lè jẹun." Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Alàgbà Akíndúró rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Àwọn kan ti ń pe Adékànmí ní Òpó Onípákó.

Oyíndà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde pẹ̀lú ọmọ láyà.

"Uncle Kànmí, ibi tí Màmá ti pe orúkọ ọmọ mi dà?"

Adékànmí wo kámẹ́rà, ó wo rìmóòtù. Fọláyọ̀ ló dáhùn láti ẹ̀gbẹ́ ògiri.

"Bàbá Ṣíwọlá, kò sí níbẹ̀. Ìgbà tí ẹ rò pé ẹ ń yà, ẹ ò yà. Ìgbà tí ẹ rò pé ẹ ti dá a dúró lẹ ń yà. Mo ní kí ẹ máa wo igun."

Ẹ̀rín kú lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo wọn ló rántí agbọ̀n aṣọ ìfọ̀ yẹn.

"Mo fi fóònù mi sínú agbọ̀n," Oyíndà wí, "nítorí ẹ ní kí n trust yín." Kò pariwo.

Wọ́n ti fi Adékànmí ṣe yẹ̀yẹ́ rí, ó sì máa ń rí ọ̀rọ̀ fi bò ó. Ti ọjọ́ yìí yàtọ̀. Ojú tì í. Kì í ṣe ìtìjú agbádá tàbí ti ipò alága, ipò ti lọ. Oyíndà bẹ̀ ẹ́ fún ẹyọ kan ṣoṣo, ó sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kó lè fi yin ara rẹ̀. Ó na ọwọ́ láti pa kámẹ́rà.

"Fi í sílẹ̀," Màmá ní. "Kò tíì parí."

Pálọ̀ Whitby tún yọ lára ògiri. Adékànmí kò sí níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń darí ẹnikẹ́ni. Ariwo abọ́ ń wá láti kíṣìnì. Màmá nìkan ló wà lórí àga, ó tẹ́ ọmọ sórí itan, kò sì mọ̀ pé nǹkan kan ń wo òun.

"Àwẹ̀ró," ó pè é, oríkì tó fún un ni. "Àwẹ̀ró mi. Wọ́n ti lọ jẹun, wọ́n fi àwa méjì sílẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí n sọ ẹni tí o jẹ́ fún ọ. Motúnráyọ̀ ni ìwọ. Ìyá tó bí ìyá rẹ, èmi ni mo bí i, ojú mi náà ni wọ́n ṣe sin ín. Mo rò pé ayọ̀ ti tán nílé mi. Ọjọ́ tí wọ́n gbé ọ lé mi lọ́wọ́, imú rẹ̀ ni mo rí lójú rẹ. Mo tún rí ayọ̀, ni mo fi pè ọ́ bẹ́ẹ̀. Kí òtútù ilẹ̀ yìí má ṣe mú ọ dé egungun. Kí o gbọ́ èdè wa, kí o fi dá ìyá rẹ lóhùn. Bí wọ́n bá pè ọ́ ní Motúnráyọ̀, máa jẹ́. Èmi ni mo pè ọ́."

Ọmọ náà sún imú sókè, ó dákẹ́. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í mì í jẹ́jẹ́, ó ń pe orúkọ náà lábẹ́lẹ̀ ní àpètúnpè, títí ọwọ́ ńlá Adékànmí tó ní òrùka wúrà fi wá bo ohun gbogbo.

Oyíndà ti kúnlẹ̀ sílẹ̀ níwájú Màmá, ó gbé orí lé itan rẹ̀, ó ń sunkún. Màmá fi ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Alàgbà Akíndúró dìde lórí orúnkún tó ń dùn ún.

"Ẹni tó máa jẹ alága, a óò fà á kalẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, mo sì rò pé ẹ ti mọ ẹni tí kò ní jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n Adékànmí, a rí iṣẹ́ fún ọ nínú ẹgbẹ́. Ìwọ ni yóò máa ya fídíò wa. Àdéhùn kan ló wà níbẹ̀. Ìgbà tí o bá rò pé o ti dá a dúró nìkan ni kí o máa yà wá, nítorí ìgbà yẹn nìkan ni kámẹ́rà rẹ ń rí òótọ́."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yìí rọ̀ ju ti àkọ́kọ́. Adékànmí mú káàdì kan tó ti ká jáde láti ìsàlẹ̀ báàgì kámẹ́rà, ó gbé e fún Salahudeen, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún Màmá gbalaja pẹ̀lú agbádá tuntun náà. Kò sẹ́ni tó ń yà á.

"Dìde," Màmá ní. "Ya èmi àti àwọn ọmọ mi kí n tó lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú."

Wọ́n tò yí Màmá ká, Oyíndà àti ọkọ rẹ̀, Salahudeen àti Aishah ìyàwó rẹ̀, Alàgbà tí wọ́n gbé àga fún. Adékànmí há kámẹ́rà mọ́ ọwọ́. Bí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn lára, ó yí dígí náà padà sí ara rẹ̀.

"Yí i sí ẹ̀yìn," Màmá ní. "Àwa ni wàá yà."

Ó yí i sí ẹ̀yìn.

"Bàbá Ṣíwọlá," Fọláyọ̀ wí láàárín èrò, "igun."

Adékànmí wo igun náà. Ọ̀rọ̀ kékeré náà wà níbẹ̀ ní àwọ̀ ewé, níbi tó ti wà láti ọjọ́ tó ti rà á. Ó tẹ bọ́tìnì, ó dúró títí ó fi pọ́n, ó sì ya gbogbo ìdílé rẹ̀ láìsí òun níbẹ̀.